Ẹnu Ọ̀nà Àwọn Ẹlòmíràn

Ní agboolé wa ní Ìkẹ́rẹ́, odó ló máa ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ a máa kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa ọmọdé ti mọ bí a ṣe ń sùn kọjá igbe rẹ̀. Ti odó ni kò ṣeé sùn kọjá. Bí obìnrin kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán àárọ̀ ní ìsàlẹ̀ agboolé, òmíràn a dá a lóhùn lókè, àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú a sì gba ohùn àwọn méjèèjì, a dá a padà sí wa. Nítorí èyí, nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé àwọn kan ń gbé inú àpáta yẹn, tí wọ́n ń gún iyán tiwọn lákòókò kan náà pẹ̀lú wa. Mo bi ìyá bàbá mi léèrè nígbà kan bóyá àwọn ará inú àpáta náà ní ọmọ. Ó wò mí títí, ó ní bí wọ́n bá ní ọmọ, ọmọ wọn á ti gbálẹ̀ tán báyìí, ó sì na ìgbálẹ̀ sí mi. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mi ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ìgbálẹ̀, omi odò, iná dídá, òkèlè iyán àná tí a yan lórí ẹ̀yinná, kí n tó bọ́jú lọ sílé ìwé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tò wá sábẹ́ igi ní iwájú ilé ìwé, wọ́n ní kí oníkálùkù gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan etí ti tó ilé ìwé é lọ. Tèmi kan án, mo sì wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ulé là ń pe ilé nínú agboolé wa, uṣu là ń pe iṣu, ugi là ń pe igi, ṣùgbọ́n Tíṣà ní bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ilé ni, iṣu ni, igi ni. Fún ìgbà díẹ̀ mo rò pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: ulé ni ibi tí a ń sùn, ilé sì ni èyí tó wà nínú ìwé, tó ní fèrèsé mẹ́rin àti òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ilé kejì kún ti wa. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí lára tí mo rí tí n kò dúró kà. Mo ka ọṣẹ. Mo ka agolo kẹrosíìnì. Mo ka àpò iyọ̀ tí ìyá mi fi ń nu ọwọ́, n kò sì mọ ohun tí ìdajì rẹ̀ túmọ̀ sí. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, fẹ́ràn eré náà ju èmi gan-an lọ. Bí ó bá rí ohunkóhun tí ìkọ̀wé wà lára rẹ̀, á gbé e wá síwájú mi, á ní, "Dúpẹ́, kí ni ó wí?" bí ẹni pé agolo náà ti sọ̀rọ̀ tán, etí tirẹ̀ ni kò gbọ́.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀mùrè ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí wọ́n ń mú un bọ̀ wá sílé ọkọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, wọ́n gba Ìsẹ̀ kọjá, ó sì ti lé ní ogójì ọdún lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Bàbá bàbá mi tó fẹ́ ẹ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìyáálé rẹ̀ ṣì wà láyé, òun là ń pè ní Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá tó wà lẹ́nu àbáwọlé ló máa ń jókòó sí, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde tí kò ní rí i. Ọmọ bíbí Ìkẹ́rẹ́ ni Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ga, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìyá méjèèjì yìí ti sin ọkọ kan náà, wọ́n ti bá ara wọn tọ́jú ọmọ, wọ́n ti bá ara wọn jà lórí ata, lórí igi ìdáná, lórí ibi tó yẹ kí wọ́n sá ẹ̀gúsí sí. Lójú èmi ọmọdé, wọ́n dà bí àdògán tó wà nídìí iná. N kò rò ó rí pé ìgbà kan wà tí ọ̀kan wà tí èkejì kò tíì dé.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni ọkọ́ ṣá Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn odò. Ojúgun ni, kò sì jinlẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Ó gún ewé lé e, ó fi epo kùn ún, ó dì í, ó sì ru igi ìdáná rẹ̀ wálé. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá a gbé omi gbígbóná tí a fi iyọ̀ sí wá ní ìrọ̀lẹ́, kí n sì jókòó tì í nígbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn nítorí ìtàn tó máa ń bá a wá. Ṣùgbọ́n egbò náà kò fẹ́ jinná. Ẹ̀bá rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú, ẹsẹ̀ sì wú títí dé orúnkún. Obìnrin kan tó mọ egbòogi ní àdúgbò wa wá wò ó, ó tú aṣọ tí a fi dì í, ó tún un dì, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá òun, kí wọ́n gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ Dókítà.

Dókítà yìí kì í ṣe dókítà, bí mo ṣe wá mọ̀ nígbà tí mo dàgbà. Ẹni tó ń po oògùn, tó ń gúnni lábẹ́rẹ́, tó sì ń di egbò ni, ní ilé kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí gbogbo ìlú ń pè ní dìsípẹ́ńsárì. Ìhà Abẹ́òkúta ló ti wá. Ìyá mi ló mú Ìyá Àgbà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi sì gbé ìjókòó kékeré tí Ìyá Àgbà ń sinmi lé bí a ti ń lọ. Páànù ilé náà ń dán. Ẹnu ọ̀nà méjì ló kọjú sí ọ̀nà, pátákó dúdú kan sì wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ̀wé sí. Èrò kún iwájú ti ọ̀tún, wọ́n ń fún ara wọn, wọ́n ń du àga. Níwájú ti òsì, ọkùnrin alágbàṣe kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn nìkan ló jókòó, ó ká ọwọ́ tó fi aṣọ dì sí àyà, ewúrẹ́ sì sùn sí ìdajì àga tó kù.

Ìyá Àgbà dúró, ó gbé ojú sókè, ó ṣe bó ti máa ń ṣe sí agolo àti ọṣẹ. Ó bi mí ohun tí pátákó wí. Mo kà á, mo ké e sókè kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n kà: ti ọ̀tún ní ÀWỌN TIWA, ti òsì ní ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN.

Ìyá mi ti mú Ìyá Àgbà lápá láti darí rẹ̀ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀. Ó wo èrò tó wà lọ́tùn-ún. Ó mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ó wo alágbàṣe tó wà lósì. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí ohùn mi kò lọ sókè mọ́, nítorí mo ti rí i pé nǹkan kan ti bàjẹ́, n kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó wá sọ fún ìyá mi, jẹ́jẹ́, pé òun fẹ́ lọ sílé. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ti yí padà, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà láàárín òkúta, a sì tẹ̀ lé e. Oògùn wà ní ẹsẹ̀ mélòó kan sí wa, a sì ń rìn kúrò níbẹ̀.

Mo ti di àgbàlagbà kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe lè dá ènìyàn dúró. Láìpẹ́ yìí ni mo wà nílé ọmọ mi obìnrin ní Adó, tí mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà wọn wo àwòrán ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè òkun. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Orúkọ gbogbo ará ilé jáde sí ojú rẹ̀, ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ, olúkúlùkù pẹ̀lú àwòrán kékeré róbótó tirẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó túmọ̀ sí "ẹlòmíràn tó ń lò ó". Ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ tẹ̀." Mo bi í léèrè ẹni tí ẹ̀rọ náà ń pè ní ẹlòmíràn. Ṣé ẹni tí kò mọ̀ rí rárá ni, tàbí ẹni tó mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ síta? Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣé yóò bi mí lórúkọ ni, tàbí yóò ní kí n lọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, òun náà kò sì mọ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà lókè níbẹ̀, kí ló máa fẹ́ rò ó sí? Èmi jókòó, ìka mi wà lókè bọ́tìnnì, mo sì rí Ìyá Àgbà níwájú ilẹ̀kùn méjì yẹn bí ẹni pé àná ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a padà lẹ́nu ọ̀nà Dókítà yẹn, bí a ti ń wẹ egbò, mo bi Ìyá Àgbà ìdí tí kò fi wọlé. Ọmọdé tó bá fẹ́ mọ nǹkan kì í mọ̀ pé ìbéèrè lè dun ènìyàn. Ó ti ọwọ́ bọ omi láti mọ bó ṣe gbóná tó, ó wá sọ fún mi nípa ọdún tó kọ́kọ́ dé ilé ọkọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu òun yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, bí òun bá ní kí wọ́n gbé nǹkan kan fún òun, àwọn ọmọ ilé á máa sín òun jẹ. Ó ní bí wọ́n bá sè oúnjẹ tán, ìyáálé òun ló ń pín in, bí ó bá sì ti di ìkòkò mú, ohun tó máa ń sọ fún àwọn tó ń gba àwo ni pé kí wọ́n bù fún àwọn tiwa ná, kí wọ́n tó bù fún ará Ẹ̀mùrè. Oúnjẹ kan náà ni, ó ní. Ẹran kan náà. Wọn kò fi ebi pa òun rí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni òun ń gbọ́ "tiwa" yẹn, ojoojúmọ́ ni òun sì ń dúró sápá kejì rẹ̀. Lẹ́yìn tí òun bí ọmọ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu wọn, òun kò mọ ọjọ́ tó kúrò. Ó ní, "Mo ti gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí o kà á fún mi láàárọ̀ yìí ni mo rántí."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí mo fi sùn. Láti ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ẹni tí mo bá bá pàdé ni mò ń bi: ta ni tiwa, ta sì ni ẹlòmíràn? Aládùúgbò wa kan tó ń ra kòkó ní àwọn tó dá owó sí ilé náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ni tiwa. Ìyàwó olùkọ́ ìjọ ní rárá, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójúde ní ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni tiwa, ẹni tó bá ti òkèèrè wá ni ẹlòmíràn. Nígbà tí mo rán an létí pé Dókítà fúnra rẹ̀ ti òkèèrè wá, ó ní kí n má bá òun jiyàn. Mo bi Tíṣà. Tíṣà ní ẹlòmíràn ni ẹni tí kì í ṣe ẹni tí à ń sọ. Mo ní ta wá ni ẹni tí à ń sọ? Ó wò mí, ó ní kí n lọ jókòó. Gbogbo wọn ló dá ara wọn lójú, kò sì sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bá ara mu. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi jọra ni pé gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn wà lára tiwa.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Òun ni n kò bi ní ìbéèrè tí mo bi àwọn yòókù. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni pé ó máa ń ní kí wọ́n bù fún àwọn tiwa ná, kí wọ́n tó bù fún ará Ẹ̀mùrè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ojú mi bí ẹni tí ń wá ẹni tó rán mi, kò sì rí i. Ó bi mí ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní Ìyá Àgbà ni, pé ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ kó padà sílé láti ẹnu ọ̀nà Dókítà. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ẹ̀gúsí náà tán, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí itan títí tí wọ́n fi pè wá jẹun.

Bàbá mi kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Abà kòkó ló máa ń wà, ó di ọjọ́ Sátidé kó tó wálé. Ní Sátidé náà, kò tíì sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ tí wọ́n fi ròyìn fún un. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ara Ìyá Àgbà ti ń gbóná nígbà náà, òórùn egbò sì ti kún yàrá. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò gbé e gba ẹnu ọ̀nà tiwa, òun yóò rí ẹni tó máa bi í léèrè. Mo wà níbi ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

"Bí mo bá gba ti tiwa tí wọ́n dá mi padà lójú gbogbo ayé ńkọ́? Bí mo bá sì gba ti ẹlòmíràn, mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi gbà á. Ìlú tí mo ti sin ọkọ, tí mo sin ọmọ méjì. Níbo ni ẹ ó wá sin mí sí?"

Bàbá mi jáde, ó dúró lẹ́yìn ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi, mo rí Dókítà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlà ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, òun ló sì ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ orin fún gbogbo ìjọ. Kò sí ẹni tó rán mi sí i. Ó kàn jẹ́ pé nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ni n kò tíì bi. Nígbà tí ìsìn parí, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lábẹ́ igi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ẹlòmíràn?"

Ó kọ́kọ́ rò pé inú Bíbélì ni mo ti rí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé lára pátákó rẹ̀ ni, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní ṣé kò yé wa ni? Ó ní ẹni tó ti wá sọ́dọ̀ òun rí, tí òun ti mọ àìsàn rẹ̀, òun ni tiwa, nítorí kò níí pẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ẹni tí kò tíì wá rí, tí òun ní láti bi ní ọ̀pọ̀ nǹkan, òun ni ẹlòmíràn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín wọn níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́ níbẹ̀, òun fúnra òun ló yí i sí Yorùbá. Ó wá ní, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé abájọ tí àga òsì fi máa ń ṣófo. Òun ti ń rò pé àìsàn tuntun kò pọ̀ ní ìlú yìí. Mo sọ ti ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ pátápátá. Ó bi mí bí wíwú náà ti gòkè tó. Mo fi ọwọ́ kan orúnkún mi, mo sì gbé e kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e wá ní kùtùkùtù ọ̀la, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di ọ̀tunla.

Mo sáré délé. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ilé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Àgbà lórí ẹní, inú mi sì ń dùn, mo rò pé mo ti tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ mi tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá ní ohun tó wà lọ́kàn Dókítà dára, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ́ ló fi kọ́ sókè ilẹ̀kùn, èyí tó kọ síbẹ̀ ni gbogbo ìlú ń kà. Ó yí ojú sí ògiri. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà tí ilé ìwé kò kọ́ mi: pé ènìyàn lè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tán, kó má sì lè gbé e kúrò níbi tó wọ̀ sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a kò tíì gún iyán. Mo ń gbálẹ̀ nígbà tí mo rí Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ró aṣọ òkè dúdú tó máa ń ró lọ sí ìsìnkú, ó wé gèlè, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í wá sí apá ọ̀dọ̀ tiwa láàárọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọ yàrá Ìyá Àgbà láìkan ilẹ̀kùn, ó dúró lókè orí rẹ̀.

Ó ní, "Dìde, ká lọ."

Ìyá Àgbà bi í pé níbo.

"Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹlòmíràn. Èmi náà kò dé ibẹ̀ rí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ wọlé."

Ìyàwó kì í kọ̀ fún ìyáálé rẹ̀ nílé wa, kódà lẹ́yìn ogójì ọdún. Mo rò pé Ìyá Àgbà fẹ́ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, wọ́n sì fà á dìde. Bàbá mi gbé e sórí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kò gùn ún, ó ń tì í jẹ́jẹ́. Ìyá mi di Ìyá Àgbà mú lápá kan, Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rìn níwájú bí ẹni tó mọ̀nà jù wá lọ, èmi sì gbé ìjókòó. Èrò ti pé níwájú ti ọ̀tún bí ìṣe wọn. Wọ́n kí Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan dìde fún un ní àga, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìkẹ́rẹ́. Obìnrin kan ní, "Ìyá, ìhín ni tiyín o." Ó dá a lóhùn pé òun mọ̀. Ó gba iwájú wọn kọjá, ó fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ kúrò lórí àga òsì, ó sì wọlé lábẹ́ pátákó ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN láìtẹ orí ba. A gbé Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e. Ariwo iwájú ti ọ̀tún rọlẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé yàrá kan náà ni. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì wọ inú yàrá kan, tábìlì kan ló wà láàárín wọn, Dókítà kan náà ló jókòó nídìí rẹ̀. Mo dúró, mo ń wo ilẹ̀kùn kan, mo ń wo èkejì, títí ìyá mi fi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dókítà kí wọn, ó kọ́kọ́ bi Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ohun tó ń ṣe é, nítorí òun ló kọ́kọ́ wọlé. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó ronú díẹ̀, ó ní orúnkún ni. Ó gba òróró ìpara kan tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń ta sánsán fún ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni Dókítà yíjú sí Ìyá Àgbà, ó bi í lórúkọ. Ìyá Àgbà kò dáhùn. Ibà ti mú ètè rẹ̀ gbẹ. Ìyá mi kò lè dáhùn, nítorí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ, bàbá mi sì ti padà síta sídìí kẹ̀kẹ́. Èmi kò mọ̀ ọ́n rárá, kò sì yé mi títí di ìgbà náà pé ó ní orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí Ìyá Àgbà.

"Ọ̀ṣunbùnmi ni," Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Tiwa ni."

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè wò ó. Kò gbé ojú náà kúrò lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú aṣọ egbò, kò gbé e kúrò nígbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, èyí tí mo rò pé yóò ké sí. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, tí bàbá mi ń ti kẹ̀kẹ́ gba abẹ́ igi, mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà sọ fún Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìwo ẹ̀yìn, pé òun kò mọ̀ pé ó mọ orúkọ òun. Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un dé, òun ló da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ènìyàn a máa da omi sí ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n jà lórí bí ata ọbẹ̀ ṣe yẹ kó pọ̀ tó fún ẹni tí ibà ń ṣe.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ibà lọ ná, wíwú tẹ̀ lé e, egbò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ẹ̀bá. Àpá rẹ̀ kò parẹ́. Ó ń dán bí inú ìkarahun, Ìyá Àgbà sì fi ẹsẹ̀ yẹn rìn lọ sí oko fún ọdún púpọ̀ sí i. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń di egbò fún un, Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń bá a lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jinná, orúnkún Ìyá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá ń dùn ún lóòótọ́, ó wá di èmi àti Ìyá Àgbà nìkan. Ní ọjọ́ tó yẹ kó lọ gbẹ̀yìn, a dé ibẹ̀, a sì rí i pé wọ́n ti tún pátákó méjèèjì kùn, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì pẹ́. Àga ọ̀tún àti ti òsì ló ní èrò. Ìyá Àgbà dúró níwájú wọn, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Dúpẹ́, kí ni ó wí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ti ọ̀tún. Mo kà á pé: Ẹ̀YIN TÍ Ẹ TI WÁ RÍ. Mo yíjú sí ti òsì, mo ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, ó gùn díẹ̀: Ẹ̀YIN TÍ Ẹ ṢẸ̀ṢẸ̀ WÁ. Nígbà tí mo kà á tán tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi láti sọ fún un èyí tó jẹ́ tirẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wọlé, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá tó ń kí Dókítà.